Orí Ìmàdò Tó La Ẹnu Ọ̀gágun Ará Ìràwọ̀

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri, mo ti rí i pé ojú yín kò kúrò lára orí mi láti ìgbà tí mo ti wọlé. Ẹ ń wò ó, ẹ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara yín, ẹ ń wí lọ́kàn yín pé irú ọdẹ wo nìyí tí orí rẹ̀ wà láìbò bí ẹ̀yìn ìjàpá tí òjò fọ̀, tí kò dé fìlà, tí kò fi ìyẹ́ ẹyẹ kan ṣoṣo ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹ kò jẹ̀bi. Ẹni tó rí àpá ló ń bèèrè ọgbẹ́. Ẹ bu omi fún mi kí n mu, kí ẹni tó bá ní ikọ́ láti wú tètè wú u, nítorí ìtàn fìlà tí kò sí lórí mi yìí kò kúrú, mi ò sì ní gé e fún yín bí aṣọ tí kò tó. Ibi tí ó bá ti yẹ mí, n ó sọ ọ́ kíkankíkan. Ibi tí ó bá ti tì mí lójú, n ó sọ ọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n n ó yára díẹ̀.

Ọdẹ́tóyìnbó ni mí, ọmọ Ọdẹ́rìnlọ, ará Ìdí-Ahùn, ìlú tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkè bí ọmọ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi bí a ti ń tọpa ẹran lórí àpáta. Ìyá mi, tó ń mọ ìkòkò, ló kọ́ mi pé ìkòkò tí a bá fi ìkánjú sun, ọbẹ̀ ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ara mi, mo sì mọ̀ ọ́n ju méjèèjì lọ. Nígbà náà mo ní fìlà kan. Àrán dúdú ni wọ́n fi rán an. Ìyẹ́ àlùkò mẹ́rin wà ní apá ọ̀tún, ìyẹ́ agbe mẹ́ta wà ní apá òsì, dígí kékeré kan sì wà níwájú rẹ̀ tí ó máa ń kọ mọ̀nà bí mo bá yí orí. Àwọn ẹran igbó máa ń rí dígí náà láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n a sì sá lọ. Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ òfo ni mo fi ń délé, ṣùgbọ́n mo máa ń délé pẹ̀lú ẹwà.

Ìyàwó mi ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó lè fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta bọ́ ènìyàn láṣọ, kí ó sì fi ọ̀kan wọ̀ ọ́ padà fún un. Bí inú bá bí i, á ká ọwọ́ lé àyà, á ní, “N ó kúkú panu mi dé.” Ẹ̀yin ará, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fẹ́ Àwẹ̀ró, ọjọ́ kọ́jọ́ tó bá sì ti sọ gbólóhùn yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, olú hù bí ẹni pé ilẹ̀ ń ṣe ìkómọ. Àwẹ̀ró àti obìnrin méjì mìíràn gbé agbọ̀n, wọ́n lọ wá olú létí Igbó Elétí-Ewé, igbó tí àwọn iwin ti ń gbé láti ìgbà tí òkè ṣì wà ní kékeré. Nígbà tó yá, àwọn méjì sáré padà láìsí agbọ̀n, láìsí gèlè, láìsí Àwẹ̀ró. Wọ́n ní ohun kan sọ̀ kalẹ̀ láti òfuurufú, ó rí bí igbá ràbàtà tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, irin ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì rú èéfín. Wọ́n ní àwọn ẹ̀dá olójú mẹ́ta jáde nínú rẹ̀, ọ̀pá iná wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn sá, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró dúró, ó ń bi àwọn ẹ̀dá náà pé ta ló fún wọn láyè láti tẹ olú òun mọ́lẹ̀. Nítorí náà òun ni wọ́n gbé. Láti ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé mi dákẹ́ rọ́rọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó dákẹ́ rọ́rọ́, òkèlè kan kò sì gba ọ̀fun mi kọjá.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo dé fìlà mi (ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń lọ gba ìyàwó rẹ̀ yẹ kó múra), mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ọdẹ méjì bá mi lọ. Ọ̀kan ni Bàbá Ọdẹ́jìnmí, olórí àwọn ọdẹ ìlú wa, arúgbó tí eyín mẹ́rin péré kù lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́rìn-ín. Ìkejì ni Akínkúǹmí, ọkùnrin tí apá rẹ̀ tóbi ju itan mi lọ, tí kò sì tíì rí ìṣòro kan láyé yìí tí kò rò pé àdá ni oògùn rẹ̀.

Ní ẹnubodè igbó náà ni a ti bá Elétí-Ewé, iwin tó ni igbó, lórí òkìtì ọ̀gán. Etí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ewé kókò tó tóbi tó ilẹ̀kùn, ìrì sì ń yí gbiri gbiri nínú wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ta gbòǹgbò wọnú ilẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ sì gùn débi pé àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbà á gun òkè bí àtẹ̀gùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá Elétí-Ewé, ọba tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ẹnu tó sọ ọ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìṣọ́nà.”

Ó dáhùn, ó ní, “Ẹ kú ẹsẹ̀, ẹ̀yin ọmọ aráyé. Mo gbọ́ ìrìn yín, mo gbọ́ ebi inú yín, mo sì gbọ́ dígí orí fìlà rẹ yìí bó ti ń ké pé kí gbogbo ayé wá wo òun. Kí lẹ̀ ń wá?”

“Ìyàwó mi ni, Bàbá. Àwọn ará ìràwọ̀ gbé e.”

“Mo ń gbọ́ òun náà. Àtàná ló ti ń bá wọn wí. Etí mi ọ̀tún ti ń rọ.” Lóòótọ́ ni, mo wò ó, ewé apá ọ̀tún ti ń tẹ̀ wálẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni tó rí omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó tún ní, “Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í kọjá níhìn-ín láìdáhùn ìbéèrè mi. Kí ni ẹrù tí ẹni tó rù ú kì í fẹ́ sọ̀, tó jẹ́ pé àwọn tó ń wò ó ni ọrùn ń dùn?”

Mo wúkọ́ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Mo ní, “Adé orí ọba ni.”

Ó ní, “Irọ́ ni. Ọba a máa sọ adé kalẹ̀ kó tó sùn.”

Mo ní, “Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá ni.”

Ó ní, “Ìyá a máa sọ ọmọ kalẹ̀, pàápàá bí ọmọ bá tọ̀ sí i lẹ́yìn.”

Akínkúǹmí fa àdá yọ, ó ní, “Bàbá, ẹ gbé ẹrù náà wá kí n là á, ká wo inú rẹ̀.” Elétí-Ewé rẹ́rìn-ín títí ìrì fi dà sí wa lára bí òjò. Ó ní, “Ẹ máa kọjá, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìwọ onífìlà, fi fìlà rẹ dúró lọ́dọ̀ mi. Bí o bá ń bọ̀, kí o dá mi lóhùn. Nígbà náà ni o ó gbà á.” Ẹ̀yin ará, bó bá jẹ́ ìka ọwọ́ mi kan ló bèèrè, ǹ bá ti bèèrè pé èwo ló fẹ́. Mo ṣí fìlà náà bí ẹni tó ń ṣí orí ara rẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ sí mi ní àtàrí, ó sì yà mí lẹ́nu pé atẹ́gùn tutù tó bẹ́ẹ̀.

A wọ inú igbó. Igi wà níbẹ̀ tó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí àgbà tó jẹun yó. Odò wà níbẹ̀ tó ń ṣàn gòkè láti lọ kí orísun rẹ̀. Ẹyẹ wà níbẹ̀ tó ń kọrin sẹ́yìn, tó jẹ́ pé ìparí orin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rù nínú igbó náà mọ́, ìbànújẹ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn iwin ti ru ẹní wọn, wọ́n ń kó lọ. Iwin olórí méjì kan kọjá lára wa, orí kan ń sunkún, èkejì ń pàrọwà fún un. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Orí tó ń pàrọwà ní, “Ariwo irin àwọn ará ìràwọ̀ kò jẹ́ kí igi wa sùn, igi tí kò bá sì sùn kì í gba iwin lálejò.” Mo rí i nígbà náà pé ìyọnu ti dé bá àwọn tó ń yọ aráyé lẹ́nu.

Nígbà tí a dé etí ọ̀dàn tó wà láàárín igbó, a rí ilé irin náà. Ó ń tàn, kò ní fèrèsé, kò ní ilẹ̀kùn tí ojú lè rí. Ìyẹ́ méjì ló yọ lára rẹ̀ bí ti òròmọdìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ogójì àwọn olójú mẹ́ta ló yí i ká pẹ̀lú ọ̀pá iná. Àwa mẹ́ta, ìbọn méjì, àdá kan. Bàbá Ọdẹ́jìnmí ní, “Ẹni tí kò lè mú odindi agbo, á mú ẹyọ kan, á bi í léèrè ọ̀nà.” Mo rí ipa ẹsẹ̀ ìmàdò lórí ọ̀nà tó lọ sódò, mo ní ibẹ̀ ni kí a dẹ ọ̀fìn sí, nítorí ẹni tó bá fẹ́ dé odò, ọ̀nà ìmàdò náà ni yóò gbà. Akínkúǹmí gbẹ́ ọ̀fìn náà, ó jìn ju ènìyàn méjì lọ. Bàbá fi ewé bò ó débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gbọ́ gbì! A sáré dé ibẹ̀. Ìmàdò ńlá kan wà nísàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Lórí rẹ̀ ni ọ̀gágun ará ìràwọ̀ kan jókòó sí, ọ̀pá iná rẹ̀ ti kán sí méjì. Ojú mẹ́ta ló ní, awọ rẹ̀ ń dán bí ojú ọ̀nà ìgbín, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ le bí ti ìjàpá, àmì ẹ̀yẹ sì bo àyà rẹ̀ bí ìpẹ́ ti bo ẹja. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè wo ilẹ̀. Nítorí náà ni kò ṣe rí ọ̀fìn. Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo rántí ẹni tí dígí ń lé ẹran fún.

A fà á jáde, a fi ìtàkùn dè é mọ́ ìdí igi àràbà. Mo ní, “Sọ fún wa bí ilé irin yín ti ń ṣí.”

Ó gbé orí sókè. Òkúta aláwọ̀ ewé kan wà ní ọ̀fun rẹ̀, ibẹ̀ ni ohùn ti jáde, ó ní, “Sàkánbálù ni orúkọ mi. Ọ̀gágun Kẹwàá ni ipò mi. Yàtọ̀ sí èyí, n ó kúkú panu mi dé.”

Ẹ̀yin ará, mo sún mọ́ ọn. Mo mọ gbólóhùn náà bí mo ti mọ ẹnu ọ̀nà ilé mi. Mo ní, “Níbo lo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn?”

“Òkúta yìí ló kọ́ èdè yín lẹ́nu obìnrin kan.”

“Ṣé ó wà láàyè?”

“Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ṣé òkú ló lè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Kò jẹ́ ká sùn, kò jẹ́ ká jẹun. Ó ní ilé wa dọ̀tí. Ọkọ̀ wa yóò gbéra kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, a ó sì gbé e lọ fún ọba wa, kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ọba lédè. Ẹ lè dè mí mọ́ igi yìí títí. Kò sẹ́ni tó máa dúró dè mí.” Ó sọ gbólóhùn ìkẹyìn náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń jẹ ewúro.

Kí oòrùn tó wọ̀! Akínkúǹmí ní kí n yẹ̀ lọ́nà. Ó fi ẹ̀yìn àdá lu èjìká ọ̀gágun náà, ó dún gbànkan bí agogo. Àdá ló tẹ̀, èjìká kò mira. Sàkánbálù ní, “Ẹ ṣé o, ibẹ̀ ti ń yún mi.”

Èmi wá bọ́ síwájú. Mo ní ọgbọ́n, mo ní ìrírí, mo ní ẹnu. Mo ní, “Ọ̀gágun, gbọ́ mi. Odò tí kò bá ṣàn, á rà. Ilẹ̀kùn tí kò bá ṣí, á dípẹtà. Ẹnu tí kò bá sọ̀rọ̀, aláǹtakùn ni yóò fi ṣe ilé. Àdán tó so mọ́ òkè ń wo ilẹ̀, ẹyẹ tó wà nílẹ̀ ń wo òkè, ṣùgbọ́n àti àdán àti ẹyẹ…”

Ọ̀gágun yán, ojú rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ó ti tán àbí ó kù? Obìnrin yẹn ti sọ fún wa pé báyìí ni ọkọ òun ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bí ebi bá ń pa á.”

Bàbá Ọdẹ́jìnmí fi eyín mẹ́rin rẹ́rìn-ín. Òun kò tíì bi ọ̀gágun náà ní nǹkan kan. Ìmàdò ló ń sun lórí iná. Ó ní, “Òótọ́ ni ará ìràwọ̀ sọ. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká jẹun ná.” Ó gbé ẹran kalẹ̀ lórí ewé, ó yọ ọ̀bẹ, ó sì bèèrè ohun tí olórí ọdẹ gbọ́dọ̀ bèèrè kó tó gé ẹran nílùú wa: “Ta ló pa á?” Nítorí òfin wa ni pé ẹni tó pa ẹran ló ni orí, ẹni tó ràn án lọ́wọ́ ló ni itan, àgbà ló ni ẹ̀dọ̀, èrò ọ̀nà ló ni ìrù.

Akínkúǹmí ní, “Èmi ni. Ta ló gbẹ́ ọ̀fìn? Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi.”

Mo ní, “Ọ̀fìn tí a gbẹ́ síbi tí ẹran kì í gbà, kí là ń pè é? Ihò lásán ni. Èmi ni mo rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo pa á.”

“Ìwọ? Ìwọ tí dígí orí rẹ ń lé ẹran láti ọjọ́ yìí! Ọjọ́ tí wọ́n gba fìlà lórí rẹ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ipa ẹran, o wá fẹ́ jẹ orí!”

“Akínkúǹmí, èmi lò ń bá wí bẹ́ẹ̀?”

“Ìwọ ni. Ṣé ìwọ kọ́ lo yìnbọn lu kùkùté ní èṣí, tó o ní ẹfọ̀n ni?”

“Kùkùté náà mira!”

Ibi tí n ó ti yára rèé. Ẹ̀yin ará, inú bí mi dénú eegun. Mo na ìka sójú Akínkúǹmí, ó na ìka sójú mi, a ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ara wa láti ìgbà tí a ti ń fi òkò lé aláǹgbá. Oòrùn ń gòkè, ọkọ̀ ń múra láti gbéra, ìyàwó mi wà nínú rẹ̀, orí ìmàdò ni mò ń jà fún. Fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń jẹ iṣu kan tán, mo gbàgbé Àwẹ̀ró. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ti sọ ọ́.

Lójijì, ohùn kan bú jáde láti ìdí àràbà: “Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ojú méjì-méjì tẹ́ ẹ ní yìí, ṣé kò ríran ni? Ta ló jábọ́ lé e lórí? Ta ló ṣẹ́ ẹ lọ́rùn? Ihò kò pa á, ipa ẹsẹ̀ kò pa á! Èmi Sàkánbálù, èmi ni mo fi ìdí mi pa ẹran yìí!”

A yí ojú sí i. Bàbá Ọdẹ́jìnmí sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Àlejò, ìwọ kì í ṣe ọdẹ. Èrò ọ̀nà ni ọ́, tìrẹ rèé.” Ó gé ìrù ìmàdò, ó sì gbé e síwájú rẹ̀ lórí ewé.

Ọ̀gágun wo ìrù náà pẹ̀lú ojú kìíní, ó fi ojú kejì wò ó, ó fi ìkẹta wò ó. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ní, “Ìrù. Níhìn-ín náà, ìrù. Ó dáa. N ó kúkú panu mi dé.”

Ẹ̀yin ará, mo gba Akínkúǹmí lápá, mo ní kó dákẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ti kọ́ mi ní ohun tó ń bọ̀. Ó sì bọ̀ lóòótọ́, bí omi tó já odi:

“Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà nínú ọkọ̀ yẹn! Bí wọ́n bá pa ẹran, àwọn mẹ́sàn-án tó wà lókè mi a pín in, ìrù a kan èmi. Ta ni kì í sùn níbẹ̀? Oòrùn yín yìí, bó bá ti dé àárín ọ̀run, gbogbo wọn á wọlé, wọ́n á ṣubú bí aláǹgbá tó yó, wọ́n á máa hanrun láti orí ọ̀gá pátápátá dé orí agbálẹ̀, títí ooru yóò fi rọlẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń ṣọ́ wọn. Ta sì ni ilẹ̀kùn mọ̀? Láti ìta, ọwọ́ òsì mi yìí nìkan ló mọ̀, kò mọ ti ọ̀gá pàápàá! Mo fọwọ́ kan ògiri lábẹ́ ìyẹ́, ó ṣí. Síbẹ̀, bó bá di ọ̀rọ̀ ìpín, ìrù! Ìrù! Ìrù!”

Mo wo òkè. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín ọ̀run. Akínkúǹmí la ẹnu sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà. Ṣùgbọ́n àgbà kì í la ẹnu sílẹ̀ lásán. Bàbá Ọdẹ́jìnmí tú ìtàkùn ara ọ̀gágun náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé orí ìmàdò, ó fi ewé tuntun tẹ́ abẹ́ rẹ̀, ó sì tẹríba díẹ̀, òun tí kì í tẹríba fún ọba ìlú wa nítorí ẹ̀yìn ríro. Ó ní, “Ọ̀gágun, ẹ má bínú sí wa. A kò tètè mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ pa ẹran yìí, ẹ̀yin lẹ ni orí.”

Ojú òsì ọ̀gágun sunkún, ojú ọ̀tún sunkún, ti àárín gbìyànjú láti ṣe ọkùnrin, òun náà sunkún. Bàbá tún ní, “Àṣà wa ni pé a kì í jẹ́ kí ẹni tó gba orí ẹran dá nìkan lọ sílé. A ó sìn yín.”

“Ẹ ó sìn mí?”

“Títí dé ẹnu ọ̀nà.”

Báyìí ni a ṣe gbéra. Sàkánbálù ṣáájú, ó ń rìn bí òkè tó lọ kí òkè ẹgbẹ́ rẹ̀. Akínkúǹmí gbé orí ìmàdò tẹ̀ lé e. Èmi di ewé kókò mú, mo ń fi í ṣíji bo ọ̀gágun. Apá ń ro mí, ọrùn sì ń dùn mí nítorí mò ń wo òkè. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ tó ga, mo ń wí lọ́kàn mi pé, ṣé bí àwọn ará Ìdí-Ahùn ti máa ń wo èmi náà láti ẹ̀yìn nìyí?

Kò sí olùṣọ́ kankan níta. Ọ̀gágun fọwọ́ òsì kan ògiri lábẹ́ ìyẹ́, irin là bí ẹnu ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Ìhanrun inú ilé náà ju ti ẹfọ̀n ogún lọ. Láàárín àwọn olójú mẹ́ta tó sùn gbalaja, lórí àga ọ̀gá pátápátá, Àwẹ̀ró jókòó, ó ń ṣa ìdọ̀tí kúrò lára olú rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ pẹ́ o.” Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó sì dìde dúró. “Orí yín rèé! Ọdún mẹ́sàn-án, mi ò tíì rí i lójú oòrùn rí. Ó kúkú dára.” Mo gba agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ara ọ̀gágun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tutù. Ó ní, “Ẹ dúró ná. Kí ni n ó sọ fún ọ̀gá mi nípa obìnrin yìí?”

Bàbá Ọdẹ́jìnmí ní, “Ẹ sọ fún un pé ẹ fi í ta wá lọ́rẹ. Onírù kò lè ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Olórí ẹran nìkan ló lè ṣe é.”

Sàkánbálù na ọrùn. Ó gbọn àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ ṣìnkìn. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi í ta yín lọ́rẹ. Ẹ máa lọ.” Ó wọlé, ó jókòó sórí àga tí Àwẹ̀ró dìde kúrò lórí rẹ̀, ó gbé orí ìmàdò lé itan, irin sì pa dé. Kí oòrùn tó wọ̀, a rí igbá náà tó ń gòkè, tó ń kéré, títí ó fi rí bí èérún ìrèké nínú eyín ọ̀run. Àwọn iwin ń ru ẹní wọn bọ̀ wálé. Orí tó ń sunkún ti ń kọrin.

A dé ọ̀dọ̀ Elétí-Ewé. Fìlà mi wà lórí òkìtì ọ̀gán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Kí ni ẹrù náà?”

Mo ní, “Bàbá, iyì tí ènìyàn fún ara rẹ̀ ni. Mo ṣíji bò ó lónìí, ọrùn ṣì ń dùn mí.”

Ó ní, “O mọ̀ ọ́n. Mú fìlà rẹ.” Mo na ọwọ́. Dígí náà kọ mọ̀nà, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, ó kéré, ọrùn rẹ̀ ga. Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ní, “Ẹ máa dé e, Bàbá.” Elétí-Ewé kọ́kọ́ kọ̀; lẹ́yìn náà ó gbé e lé orí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó wá bèèrè lọ́wọ́ Àwẹ̀ró pé, “Ṣé ó yẹ mí?” Títí di òní, ọ̀kẹ́rẹ́ kan kì í gun irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́, dígí náà ń lé wọn.

Lójú ọ̀nà, Àwẹ̀ró bi mí pé kí ni mo fi mú ọ̀gágun náà sọ̀rọ̀. Mo ní ọgbọ́n ni. Bàbá Ọdẹ́jìnmí wúkọ́. Akínkúǹmí wo òkè, ó ní, “Kùkùté náà mira.”

Ẹ̀yin ará ilé mi, ohun tí mo rí kọ́ rèé, mo sì fi ń bẹ̀ yín. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ènìyàn, má fi àdá bi í, má fi òwe bi í. Wo ibi tí wọ́n ti ń fún un ní ìrù, kí o sì fún un ní orí níbẹ̀. Ìwọ náà, tẹ ọrùn ẹ̀wù rẹ wálẹ̀ díẹ̀, kí o lè máa rí ọ̀fìn. Bí ohun tí o fẹ́ràn bá sì wà nínú ewu, má ṣe dúró jà lórí ẹran, nítorí kì í ṣe ọjọ́ gbogbo ni ọ̀tá ń bá ni dá sí ìjà.

Ó tán lẹ́nu mi. Títí di òní, mi ò tíì sọ fún Àwẹ̀ró rí pé mo gbàgbé rẹ̀ nítorí orí ìmàdò; ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ tẹ́tí. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní òun yóò kúkú panu òun dé. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ẹ̀yin ará, ẹ má tíì lọ. Ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.